Bí Mo Ṣe Mú Olùkọ́ Lọ Bá Ẹgbẹ̀fà Ọmọ Iwin

Ẹ sún mọ́ iwájú, ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri lọ́hùn-ún. Òjò yìí kò ní í dá kí oòrùn tó wọ̀, oko kò ṣe é lọ, ẹ sì ti wá bá mi nílé, ẹ ti ń bó ẹ̀pà mi jẹ. Ẹ jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ariwo èèpo rẹ̀ má bo ohùn mi. Èmi Ọdẹ́ríndé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi tí mo bá ẹfọ̀n jà láàárọ̀ tí mo fi ìwo rẹ̀ bu omi mu lọ́sàn-án. Iwin mẹ́ta dènà dè mí rí, méjì sá lọ, ẹ̀kẹta ní òun ò bá mi jà mọ́, òun fẹ́ máa bá mi ru ẹrù. Ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín nídìí ìlẹ̀kùn, bí o bá mọ ẹni tó pa ẹfọ̀n jù mí lọ ní àgbègbè yìí, mú un wá kí n rí i. Ìtàn òní kò dùn, mo sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ayọ̀, kó gbé àga rẹ̀ kó máa lọ.

Àbúrò kan ṣoṣo ni ìyá mi bí lé mi, Àlàdé lorúkọ rẹ̀. Ọdẹ ni òun náà, ṣùgbọ́n kò le bíi tèmi. Bó bá gbé ìbọn sójú, á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó yẹ kí òun yìn ín. Lọ́sàn-án gangan ní ọjọ́ kan, nínú Igbó Ọ̀kánkán, a rí ìgalà kan tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Mo ní kí Àlàdé ta á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹran tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ ní olúwa." Mo ní, "Ta á, ojo." Ó ta á. Kí ẹran náà tó ṣubú tán, ilẹ̀ ti là, àwọn iwin ti gbé àwa méjèèjì, ó di iwájú Ọba ìlú Ọ̀pọ̀yanturu.

Ẹnu mẹ́ta ni ọba yìí ní. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń jẹun, ẹ̀kẹta ń sọ pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ ní, "Ìgalà mi lẹ pa. Ẹ̀mí la fi ń san ẹ̀mí." Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ títí ohùn mi fi há. Nígbà tó pẹ́, ó ní òun máa dá ọ̀nà kan sílẹ̀ fún wa, ẹ sì gbọ́ ọ dáadáa, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Odò ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú wọn tí wọ́n sé mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ògiri. Ìlẹ̀kùn irin kan wà lára ògiri ìsédò náà, tí àwọn àgbà iwin máa ń fi ọwọ́ ṣí nígbà tí òjò bá pọ̀, kí omi má baà gun orí ògiri kó ya wọ inú oko tó wà nísàlẹ̀. Ó ti ń rẹ àwọn àgbà náà. Ọba wá ra kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣí ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ nǹkan kan ju ohun tí a bá kọ fún un lọ, ohun tí a kọ fún un yìí ni wọ́n ń pè ní ètò. "Mo ní ẹgbẹ̀fà ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ètò," bẹ́ẹ̀ ni Ọba wí. "Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni kò dára. Kálukú ń dá tirẹ̀ ṣe. Èyí tó ṣiṣẹ́ lánàá á kú lónìí, ẹnikẹ́ni ò ní í mọ ohun tó pa á. Lọ sí Ìlú Àwòtúnwò, mú olùkọ́ wá tí yóò kọ́ wọn bí òṣìṣẹ́ gidi ṣe ń ṣe é. Àbúrò rẹ yóò máa gbé inú ahéré lẹ́sẹ̀ ìsédò, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá dé tí ìlẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀, ẹ máa lọ sílé. Bí kò bá ṣí, òun ni omi yóò kọ́kọ́ bá." Ẹnu kẹta ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Báyìí ni mo ṣe di ìránṣẹ́ iwin. Mi ò ní í fi bí mo ṣe rìn dí yín lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀nà ti kọ́kọ́ há mọ́ mi ni Igbó Àdàkọ. Gbogbo ẹ̀dá inú igbó yìí ní ojú kan náà, imú kan náà, gbogbo wọn sì ń tiro. Mo bi ọ̀kan pé kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, ẹni tó wà níwájú òun ló ń tiro. Mo bi ẹni iwájú, ohun kan náà ló sọ. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í kọjá àfi tó bá mú ẹni àkọ́kọ́ jáde láàárín wọn, bí mo bá sì ṣì í mú, ẹsẹ̀ tèmi náà á kúrú níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìbá ti sunkún. Èmi Ọdẹ́ríndé ní kí gbogbo wọn jókòó kí wọ́n na ẹsẹ̀ òsì síwájú. Ẹsẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló mọ́ roro, kò sí àpá, kò sí ọgbẹ́. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní egbò. Mo ní, "Ìwọ ni." Ẹ̀dá náà bú sẹ́kún. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ fún àwọn tó kù pé ẹ̀gún ló gún òun, pé kì í ṣe bó ṣe yẹ kéèyàn máa rìn nìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ ohùn òun náà sílẹ̀ ni, wọ́n ń sọ ọ́ tẹ̀lé òun. Mo fi ọ̀bẹ yọ ẹ̀gún náà. Ó dìde, ó rìn gbọnrangandan. Àwọn tó kù ń tiro lọ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo dé ẹnubodè Àwòtúnwò, ìyá arúgbó kan ló ń ṣọ́ ọ. Ó ní, "Ta ló yẹ̀ ọ́ wò kí o tó kúrò nílé?" Mo ní èmi ni mo yẹ ara mi wò, ọdẹ ni mí, èmi kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ó ní, "Ojú ẹni kì í rí ìpàkọ́ ẹni. Ẹni tí ojú kejì ò tíì wò kì í wọ ìlú wa." Ó gba ìbọn mi, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tọ ihò rẹ̀, ó fa amọ̀ jáde. Agbọ́n ti kọ́lé síbẹ̀. Ká ní mo yìn ín ni, ojú mi ni ì bá bú mọ́. Mo sọ fún un pé mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni mo pa, mi ò mọ̀.

Bí ìlú náà ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá se ọbẹ̀, aládùúgbò á tọ́ ọ wò kó tó bù ú. Ẹni tó bá kọ́lé, ọ̀tá rẹ̀ ni wọ́n máa ń pè kó wá wá ibi tó ti wọ́, torí ojú ọ̀tá ló mú jù. Níbẹ̀ ni mo ti rí Àyọ̀ká, obìnrin kúkúrú kan tí yíǹkì ti kún ìka rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ètò. Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Nígbà tí mo dé orí iye àwọn ọmọ náà, ó dá mi dúró.

"Ọgbọ̀n ọmọ ni mo máa ń kọ́," ó ní. "Mo mọ orúkọ wọn, mo mọ irú àṣìṣe tí kálukú máa ń ṣe. Ẹgbẹ̀fà? Ìyẹn kì í ṣe kíláàsì, ọjà ni."

Mo dojú bolẹ̀. Mo ní, "Olùkọ́, ẹ ṣàánú mi, ọmọ ìyá mi ni."

Ó ní, "Ẹ dìde, bàbá ọdẹ. Màá bá yín lọ. Àmọ́ ẹ má fọkàn sí i púpọ̀." Inú mi dùn débi pé mi ò gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí ogun eéṣú, mo ti rí ìjàlọ tó bo òkè mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kíláàsì yẹn bẹ̀rẹ̀, àyà mi já. Gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ni. Àwọn ọmọ iwin jókòó sórí ara wọn, wọ́n rọ̀ mọ́ àjà, wọ́n ki orí bọ ojú fèrèsé. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn ti iwájú bá rẹ́rìn-ín. Iwin kan tó ní ọwọ́ méjìlá ń fi ọwọ́ kan kọ orúkọ ara rẹ̀, ó ń fi mọ́kànlá tó kù kọ orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò wá sí kíláàsì sínú rẹ́jísítà. Àyọ̀ká pín wọn sí igba ẹgbẹ́, ẹni mẹ́fà-mẹ́fà. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ẹnìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn márùn-ún ń sùn.

Ó kọ́ wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ohunkóhun padà nínú ètò láìkọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan: ẹni tó yí i, ọjọ́ tó yí i, àti ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń kọ ọ́ lóòótọ́. Wọ́n á kọ, "Mo tún un ṣe." Lọ́jọ́ kejì, "Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i." Lẹ́yìn ìyẹn, "Èyí tó kẹ́yìn." Lẹ́yìn ìyẹn, "Èyí tó kẹ́yìn pátápátá." Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n tó kọ ètò, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ìdánwò tí ètò náà gbọ́dọ̀ yege, ìdánwò tó le, tó lè gbé e ṣubú. Ọ̀pọ̀ wọn kọ ọ́ pé, "Ṣé ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan?" Kọ̀ǹpútà ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Ibikíbi tó bá sì bá ọ̀rọ̀ dé, ọwọ́ kan á nà sókè láti òkè àjà pé, "Olùkọ́ mà, ṣé èyí máa jáde nínú ìdánwò ìparí?"

Èyí tó wá le jù ni kí ẹnìkan máa ka iṣẹ́ ẹnìkejì, kó wá àṣìṣe ibẹ̀, kó sọ ọ́. Àyọ̀ká ní, "Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ fún ara yín." Àmọ́ àṣà kan wà ní Ọ̀pọ̀yanturu. Ẹni tó fi òjò kan ṣoṣo jù ọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. O kì í sọ pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀, ńṣe lo máa kúnlẹ̀ tí wàá lá a. Nítorí náà bí àbúrò bá ka iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n, ó máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mo ti wò ó, ó dára." Bí ẹ̀gbọ́n náà bá sì ka ti àbúrò, kò ní í kà á rárá, ṣebí ọmọdé ló kọ ọ́. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, mò ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní irú àwọn òmùgọ̀ wo nìyí.

Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ kí Àlàdé lẹ́sẹ̀ ìsédò. Á bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀kọ́ náà ń wọ̀ wọ́n lórí?" Mo máa ń ní ó ń wọ̀ wọ́n dáadáa. Ó ti gbin ewédú díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ahéré, ibi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ lè dé, ó ní òun ò fẹ́ kí ọwọ́ òun dilẹ̀.

Ojú Àyọ̀ká ti wú nítorí ìwé kíkà. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mo ka iṣẹ́ wọn, mi ò lè ka ìdajì. Àwọn tó gbọ́ mi yé, bóyá wọ́n tó ogójì." Ó ní a nílò gíga ògiri ìsédò, kí wọ́n lè kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé kí ìlẹ̀kùn tó ṣí. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ta ló tún lè wọ̀n ọ́n bíi tèmi?

Mo dé ìdí ògiri, àgbà iwin kan gbé ọ̀pá Ọba fún mi. Ìgbọ̀nwọ́ Ọba, láti igunpá rẹ̀ dé orí ìka, ni wọ́n fi gé e, òun náà ni wọ́n fi sàmì sára irin inú omi, tí kọ̀ǹpútà ń kà. Mo ní kó gbé igi rẹ̀ kúrò lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti ń dẹ kòtò, tí mò ń wọn ẹsẹ̀ ẹfọ̀n, ọ̀pá ta ni mo yá rí? Mo fi apá ara mi wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ dókè, ó jẹ́ ogójì ìgbọ̀nwọ́. Mo lọ kọ ọ́ sínú ìwé ńlá fúnra mi pé ogójì ni ògiri, kí ìlẹ̀kùn ṣí bí omi bá ti dé méjìdínlógójì. Mo fọwọ́ sí i.

Àyọ̀ká bi mí pé, "Ọ̀pá Ọba lẹ fi wọ̀n ọ́n, àbí?"

Mo ní, "Mo wọ̀n ọ́n dáadáa."

Ó fẹ́ tún bèèrè. Ṣùgbọ́n irinwó ọmọ ló tò sẹ́yìn rẹ̀ láti wá jà nítorí máàkì, ẹni àkọ́kọ́ ti fa aṣọ rẹ̀, ó sì yíjú sí i. Bó ṣe lọ nìyẹn.

Nítorí pé ojú ewé yẹn ló ṣe pàtàkì jù, Àyọ̀ká ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan tí yóò kà á. Igba ènìyàn ka iṣẹ́ mi. Ẹgbẹ́ tó ń kọ ètò ìlẹ̀kùn náà ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Òṣíbàtà, ọmọ inú odò ni, ara rẹ̀ tutù, òun ló kéré jù láàárín wọn. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń nu ìbọn. Ó kúnlẹ̀, ọ̀pá Ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀pá yìí wọn apá yín."

Mo ní, "Kí ló ṣe apá mi?"

Ó ní, "Kò ṣe nǹkan kan, bàbá. Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

Mo ní kó dìde níwájú mi kí n tó fi ọ̀pá náà nà án. Ó dìde, ó lọ.

Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́tẹ̀ yìí kò mú ọ̀pá dání. Ó ní òun kọ ìdánwò kan fún ètò náà pé, bí omi bá kún dé etí ògiri, ṣé ìlẹ̀kùn á ti ṣí? Ètò náà kùnà. Ó ní òun tún lọ fi ọ̀pá Ọba wọn ògiri náà, ọgbọ̀n péré ni. Òun sọ ọ́ fún olórí ẹgbẹ́ àwọn. Olórí ẹgbẹ́ ní òun náà ti rí i, pé gbogbo àwọn tó kà á ló ti rí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún bàbá ọdẹ pé apá rẹ̀ kúrú? Olórí ẹgbẹ́ náà wá kọ ogójì sínú ìdánwò náà dípò ọgbọ̀n, ìdánwò sì yege. Òṣíbàtà ní òun ti tò fún ọjọ́ mẹ́ta láti rí olùkọ́, òun ò tíì dé iwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ wò mí dáadáa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹnu mi yìí ló ti ń pa òwe náà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ yín. Ọmọ yẹn sọ ọ́ yé mi. Kì í ṣe pé kò yé mi. Inú bí mi nítorí pé ó yé mi. Mo ní, "Apá tí mo fi pa ẹfọ̀n, ìwọ ọmọ ẹja, ìwọ lo fẹ́ wá sọ pé ó kúrú?" Mo ní bó bá tún sún mọ́ mi, màá fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Ọba. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dárí jì mí, bàbá." Nígbà tí mo wo inú ìwé lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá: "Mo ti wò ó, ó dára."

Mo rò ó lọ́kàn pé màá lọ tún un wọ̀n tó bá di ọ̀la, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi. Nígbà tó di ọ̀la, mo ní kó di ọ̀túnla. Mo lọ kí Àlàdé. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ti parí, igba ènìyàn ló ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ní, "Igba ènìyàn? Àṣìṣe mélòó ni wọ́n rí?"

Mo ní, "Wọn ò rí ẹyọ kan."

Ó ń fa koríko lẹ́sẹ̀ ewédú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, igba ènìyàn wo nǹkan kan, wọn ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí o."

Mo ní kó má ṣe ojo. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Òjò náà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo ẹgbẹ̀fà ọmọ jáde sórí òkè láti wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn, Ọba gbé àga wá. Omi ń gun ògiri. Ó dé ogún lára àmì irin, ó dé márùndínlọ́gbọ̀n. Ìlẹ̀kùn kò mira. Àyọ̀ká wo ojú kọ̀ǹpútà; wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà-gadagba pé, "Gbogbo ìdánwò ló yege." Omi dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àwọn àgbà iwin sáré lọ síbi ọwọ́ ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń fi ṣí i tẹ́lẹ̀, ìpẹtà ti dì í pa. Mo ti ń sáré lọ sísàlẹ̀. Mò ń ṣubú, mò ń dìde. Mo rí Àlàdé tó jáde síwájú ahéré, ó gbójú sókè sí ògiri, ó wá wò mí. Kò kígbe. Omi gun ògiri kọjá, ó sì ya lé e lórí kí n tó dé ìdajì ọ̀nà. Mo wá a fún ọjọ́ mẹ́rin. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni mo rí.

Ọba pe ìpàdé. Ó ní, "Ta ló ṣe é?" Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fi bèèrè. Àyọ̀ká ṣí ìwé ńlá náà. Mo rí i tí ìka rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, mo rí ibi tó dúró. Ó ní, "Kábíyèsí, ní ìlú wa, a kì í tọpa ènìyàn, àṣìṣe là ń tọpa. Bí a bá fìyà jẹ ẹni tó ṣe é, ẹlòmíràn á fi tirẹ̀ pamọ́." Ó wá ka àṣìṣe náà fún wọn. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ kan wọn ògiri, kọ̀ǹpútà ń fi ìgbọ̀nwọ́ mìíràn kà. Igba ènìyàn kà á, igba kọ ọ́ pé ó dára. Ìdánwò kan kùnà, wọ́n tún ìdánwò náà ṣe dípò ètò. Kò ka orúkọ kankan.

Èmi dúró síbẹ̀. Òṣíbàtà ń wolẹ̀. Igba ènìyàn ló mọ̀, kò sí ẹyọ ọ̀kan tó gbójú wò mí, nítorí pé àgbà ni mí, ọ̀fọ̀ sì ṣẹ̀ mí. Ọdẹ ni mí, mo mọ bí ẹran ṣe máa ń dúró bó bá ti mọ̀ pé ìbọn ti dojú kọ òun. Mo dúró bẹ́ẹ̀. Ìbọn náà kò dún. Ọba ní gbèsè ìgalà ti tán, kí n máa lọ sílé.

Àyọ̀ká sìn mí dé oríta. Mo bi í pé ṣé òun náà ò ní í padà sí Àwòtúnwò. Ó ní ẹgbẹ̀fà mìíràn ti dé, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní, "Ṣé àwọn wọ̀nyí á gbọ́?" Ó ní, "Bóyá ogójì." Mo wá bi í ní ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn, ìdí tí kò fi dárúkọ mi.

Ó ní, "Mo rò pé ẹ máa dárúkọ ara yín ni, bàbá ọdẹ."

Ó yí padà, ó gba ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan tún ń bọ̀. Ó ní, "Kí ló pa á?" Mo ní, "Omi ni, ìyá mi. Àwọn iwin ni." Ó dì mọ́ mi, ó sunkún, ó ní òun dúpẹ́ pé mo gbìyànjú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kì mí ní Awọgbó-nítorí-àbúrò, gbogbo abúlé gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọmọ ń fi kí mi láàárọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìyá mi fi kì mí bẹ́ẹ̀ kó tó kú, mo sì ń jẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rí pé báwo ni omi náà ṣe jẹ́. Ta ni yóò bi àgbà ọdẹ?

Ẹ̀yin náà kì mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan, mo dá yín lóhùn. Ẹ má kì mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó kọ ogójì sínú ìwé yẹn, Ọdẹ́ríndé lorúkọ rẹ̀.